Ọ̀gá Ààtàn tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Kígbe Mọ́

Ní ọdún kejì tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ mọ́ ní Ìkàrẹ́ bíi ti Zacchaeus Ògúnsúyì, bẹ́ẹ̀ orí ààtàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Kakí rẹ̀ a máa gan gbagidi. Fèrè kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí ó máa ń sọ pé òyìnbó kan ló fún òun nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà nígbà náà kò rántí òyìnbó kankan tó ń fún ènìyàn ní fèrè. Ṣùgbọ́n fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn.

Ẹ̀yìn ìlú ni ààtàn kánsù wà, ní ìsàlẹ̀ àpáta, lápá ibi tí ọ̀nà Àkùngbá ti ń jáde lọ sí Ọ̀kà. Kí kánsù tó dá a sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni agbo ilé kọ̀ọ̀kan ń da pàǹtí tirẹ̀ sí. Gbúre àti ewé tábà a máa hù lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì bi ààtàn léèrè ohun tó wà níkùn rẹ̀. Nígbà tí kánsù kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan, ó di òkè, òkè náà sì gbé iná mì. Eérú á bo ojú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ẹni tó bá wò ó á rò pé iná ti kú láti ìjẹta. Irọ́ ni. Nísàlẹ̀, ògúnná ń jẹ pàǹtí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi di ihò. Ẹni tó bá tẹ orí ihò náà, inú rẹ̀ ló ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni lébìrà kan ṣe wọ inú iná dé itan nígbà ọyẹ́, lábẹ́ ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ṣáájú Zacchaeus. Lébìrà náà fi ọ̀pá rìn padà sí abúlé rẹ̀, kánsù sì ní kí ọ̀gá náà máa lọ sílé. Wọ́n fi Zacchaeus dí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n adelé ni wọ́n pè é. Kánsù ń wá ènìyàn kan tí yóò máa ṣe ọ̀gá ààtàn Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà tí wọ́n fẹ́ là. Wọ́n ní kí adelé yìí kọ́kọ́ fi hàn pé òun lè ṣètò iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má fara pa. Wolé-wolé àgbà yóò ti Ọ̀wọ̀ wá wò ó. Bí ó bá dára lójú rẹ̀, Zacchaeus di ọ̀gá ìlú méjì. Bí kò bá dára, yóò padà sídìí bárò tó ti ń tì tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ọ̀kà ni Zacchaeus. Àwọn àna rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ sétí rẹ̀ pé bí àwọn bá ti mọ̀ pé ilẹ̀ ni yóò máa kó, ọmọ àwọn ì bá ti lọ́kọ níbòmíràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe adelé, kò sí ọjọ́ tí kì í fi ojú inú rí ara rẹ̀ lókè Ọ̀kà, tó gun orí àpáta, tó ń nàka sí ibi tí a ó gbẹ́ kòtò sí, tí ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń gbójú sókè wò ó.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe lórí oyè adelé ni pé ó pàṣẹ bí wọn yóò ṣe máa pe òun. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bàbá Raheem ni àgbà gbogbo wọn, ó ti ń gbá ọjà Ìkàrẹ́ kí kánsù tó dé. Abíọ́nà jẹ́ ọmọ Ìṣùà, ọkùnrin tó ti níyàwó tó ti bímọ, ṣùgbọ́n Zacchaeus fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa. Ẹni tó kù ni Mọ́júbọ́lá, ìyàwó àbúrò Zacchaeus, tó fi ẹnu gba iṣẹ́ náà, tó sì ń fi ẹnu ṣe é.

“Ọ̀gá Àgbà ni kí ẹ máa pè mí,” ni Zacchaeus wí.

“Ta wá ni ọ̀gá kékeré, ọkọ mi?” ni Mọ́júbọ́lá bi í.

“Kò sí ọ̀gá kékeré.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ta wá ni ẹ ń ṣe àgbà fún?”

“Ẹnu rẹ ni.”

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ètò tó ṣe dára. Ó sọ pé ojú oorun ni ó ti rí i. Àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ tí wolé-wolé kan sọ fún àwọn ará ọjà ni ó gbọ́, tó sì gbé lọ sílé. Ohun tó wù kó jẹ́, ó mú ọ̀pá oparun gígùn kan, ó ń ki í bọ inú eérú káàkiri. Ibi tí ọ̀pá bá ti rì, tàbí tí orí rẹ̀ bá gbóná nígbà tó fà á jáde, ó ní kí wọ́n to òkúta tí wọ́n fi ẹfun kùn yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá òkúta funfun. Wọn yóò máa da omi àti iyẹ̀pẹ̀ sí ibẹ̀ kí wọ́n tó da pàǹtí tuntun. Ẹnì kan yóò dúró lórí àpáta ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Bí ó bá rí ẹni tó fẹ́ kọjá òkúta, yóò kígbe.

Kánsù fi bàtà rọ́bà ránṣẹ́ pẹ̀lú, fún gbogbo òṣìṣẹ́. Zacchaeus tì í mọ́ inú àpótí. Ó ní bí wọ́n bá ń wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́, yóò ti dọ̀tí kí wolé-wolé tó dé.

Igbe ló wá kù, níbi igbe ni ètò sì ti wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí Bàbá Raheem dúró lórí àpáta nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó kọ̀.

“Ṣé kí n wá máa ké lórí àpáta bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko,” ni ó wí, “tí àwọn ọmọ tí mo bí lọ́mọ á máa wò mí nísàlẹ̀? N ò ní í ṣe é.”

Wọ́n gbé Abíọ́nà gun àpáta. Zacchaeus ní kí Bàbá Raheem máa rìn lọ síbi òkúta funfun, kí àwọn fi dán igbe náà wò. Bàbá rìn. Abíọ́nà rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn. Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ dákun—”

Bàbá Raheem ti kọjá òkúta nígbà náà. Ó dúró sáàárín ibi tí wọ́n ti sàmì sí, ó gbójú sókè, ó ń jẹ́ ìkíni. “Oo. O kú iṣẹ́, Abíọ́nà. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀,” ni Mọ́júbọ́lá wí, ó fi apẹ̀rẹ̀ bo ojú rẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. “Iná á dúró dè wọ́n.”

Inú bí Zacchaeus. “Abíọ́nà, ṣé o kò lè ké ni?”

“Mo lè ké, Ọ̀gá Àgbà. Kí ni kí n ké?”

“Orúkọ rẹ̀. Ṣe ni kí o ké ‘Raheem’.”

Bàbá Raheem yíjú padà. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo kàn ń kọ́ ọ ni, Bàbá.”

“Orúkọ tìrẹ ni kí o fi kọ́ ọ.”

Ṣùgbọ́n kí wọ́n ké orúkọ Zacchaeus kò sí nínú ètò. Ó ní ọ̀gá ni òun, òun kọ́ ni yóò ṣe ohun tó máa mú igbe wá. Ní oṣù tó ṣáájú pàápàá, ó ti lé Abíọ́nà sílé láàárọ̀ kùtùkùtù nítorí pé ó sọ pé “bárò Zacchaeus” dípò “bárò Ọ̀gá Àgbà”. Nítorí náà, ó tún ètò ṣe. Kí ẹni tó wà lórí àpáta kọ́kọ́ kí ẹni tó wà nínú ewu ní ṣókí. Lẹ́yìn náà kí ó pè é ní oyè tó tọ́ sí i, kí ó sọ pé “ẹ jọ̀wọ́”, kí ó tó wá sọ ohun tó rí. Bí Ọ̀gá Àgbà bá sì ń bá àlejò sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má da ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn sí ètò yìí. Lójú rẹ̀, ó ti fi òkúta kan ṣoṣo pa ewu àti àìlẹ́kọ̀ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wolé-wolé àgbà dé, wọ́n ṣí àpótí. Bàtà rọ́bà ti le, kò sì bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu. Abíọ́nà ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá Raheem fi tirẹ̀ sọ́wọ́, ó ní bàtà náà ni òun ń dáàbò bò. Zacchaeus alára kò wọ rọ́bà. Bàtà aláwọ̀ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wọ̀, ó dán débi pé eṣinṣin lè yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀.

Ọdẹ́yẹmí ni wolé-wolé náà ń jẹ́. Ó kéré sí Zacchaeus lọ́jọ́ orí, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Zacchaeus mú un káàkiri. Ó fi ọ̀pá oparun hàn án, ó fi omi hàn án, ó nàka sí Abíọ́nà lórí àpáta. Wọ́n wá dé ibi òkúta funfun.

Zacchaeus mọ ìwà hù. Kò jẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí Ọdẹ́yẹmí bá sún síwájú láti wo nǹkan, Zacchaeus á tẹrí ba, á sì sún sẹ́yìn.

“Láti ibi òkúta yìí, sà,” ni ó wí, “ẹ̀dá alààyè kan kò gbọdọ̀ kọjá.” Ó tẹrí ba, ó sì fi ẹ̀yìn kọjá òkúta náà.

Abíọ́nà rí i. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ọ̀gá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Zacchaeus gbọ́. Ó dùn mọ́ ọn pé kí àlejò gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe mọ ọ̀wọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ láìwẹ̀yìn, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá Àgbà—”

Ọwọ́ náà di èyí tó ń sọ pé kí ó dákẹ́.

“Ọkọ mi,” ni Mọ́júbọ́lá wí láti ẹ̀gbẹ́ kan, “ẹ wo ẹsẹ̀ yín.”

“Ẹ má dá wọn lóhùn, sà,” ni Zacchaeus sọ fún wolé-wolé. “Àwọn obìnrin, ẹ sáà mọ̀ wọ́n.” Ó sì tún tẹrí ba.

Eérú lanu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé dé orúnkún. Ó ṣì ń sọ “sà” lọ́wọ́ nígbà tí ooru dé ara rẹ̀, “sà” náà sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

“Zacchaeus, jáde níbẹ̀!” ni Bàbá Raheem ké. Òun nìkan ni ẹnu rẹ̀ gbà á lórí ààtàn yẹn. Ó ju bàtà ọwọ́ rẹ̀ nù, ó na ọ̀pá oparun sí i, òun àti Mọ́júbọ́lá sì fà á jáde. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì kò bá a jáde. Abíọ́nà sáré sọ̀ kalẹ̀, ó da korobá omi lé e lẹ́sẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì kí ó tó dà á.

Ní dìsípẹ́ńsárì, wọ́n fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ náà. Ó dun Zacchaeus, ṣùgbọ́n bárò ló ń rí nígbà tó bá di ojú. Ọdẹ́yẹmí wá bá a níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí.

“Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsúyì, ètò òkúta yẹn dára.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Ta ló kọjá òkúta?”

Zacchaeus wo báńdéèjì. “Ẹ̀yin ni mo ń bọ̀wọ̀ fún, sà.”

“Ẹni tó wà lórí àpáta rí yín. Kí ló dé tí kò ké?”

“Ó kí mi, sà.”

“Ó kí yín.”

“Ó kí mi dáadáa.”

Wolé-wolé dìde lórí àpótí. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá jinná, wọn yóò ṣí ààtàn Ọ̀kà. Zacchaeus yóò rìn lọ síbi òkúta funfun lójú òun. Ọ̀kan nínú àwọn tó kéré sí i yóò ké orúkọ rẹ̀, láìkí i, láìbẹ̀ ẹ́. Bí òun bá gbọ́ orúkọ kí ẹsẹ̀ tó kan òkúta, iṣẹ́ ìlú méjèèjì di tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìkíni ni òun gbọ́, òun yóò wá ẹlòmíràn.

“Bàbá Raheem á pè mí, sà.”

“Bàbá ti pè yín ná. Àwọn tó kù ni mo fẹ́ gbọ́.”

Bí ó ṣe di pé Zacchaeus Ògúnsúyì ń tiro lórí ààtàn Ìkàrẹ́, tó ń bẹ ènìyàn kí wọ́n rí òun fín, nìyẹn.

“Abíọ́nà, pè mí.”

“Ọ̀gá Àgbà.”

“Orúkọ mi ni mo wí.”

Abíọ́nà la ẹnu. “Zacch—” Eékún rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ fúnra wọn, ó sì ti wà nílẹ̀. Kò tíì gbàgbé àárọ̀ tí wọ́n lé e sílé.

“Fi èdè Ìṣùà pè é,” ni Zacchaeus wí. “Bóyá ìyẹn kò ní í wúwo lẹ́nu rẹ.”

“Ọ̀gá Àgbà, orúkọ kan náà ni ẹ ń jẹ́ ní èdè Ìṣùà.”

Ó yíjú sí Mọ́júbọ́lá. Èyí kò tilẹ̀ dìde lórí apẹ̀rẹ̀ tó jókòó lé. “Èmi kẹ̀? Mo bá yín nínú ilé yẹn ni. Kí n wá pe orúkọ yín ketekete lójú gbogbo Ọ̀kà, kí ìyá ọkọ mi gbọ́? Ẹ wá ẹlòmíràn, ọkọ mi. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n má dá mi lóhùn.”

Ọjọ́ pé. Wọ́n gba Àkùngbá lọ, ọkọ̀ gun òkè Ọ̀kà. Àwọn ènìyàn ti dúró yí ibi ààtàn tuntun náà ká, nítorí kò wọ́pọ̀ kí wolé-wolé wá sí Ọ̀kà láìbu owó ìtanràn lé ẹnì kan. Ìyá ìyàwó Zacchaeus gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé, ó sì gbé e sí iwájú. Bàtà rọ́bà ni Zacchaeus wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bárò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó kún fún òkúta tó ṣẹ́ kù. Kò wo apá ibẹ̀.

Abíọ́nà gun àpáta. Ọdẹ́yẹmí ká ọwọ́ lẹ́yìn. “Ó yá,” ni ó wí.

Zacchaeus bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọ́kọ́ rìn bí ọ̀gá. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó dín ìrìn kù. Ó gbójú sókè, ó rí Abíọ́nà tó la ẹnu tí kò sí ohùn níbẹ̀. Ó wá ń rìn bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń mú wọlé ọkọ. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Pè mí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.” Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀. Òkúta funfun ti wà ní iwájú Zacchaeus gan-an. Bí ó bá dúró fúnra rẹ̀, bárò ni. Bí ó bá kọjá, bárò náà ni. Ó gbé ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná sókè.

Ní Ọ̀kà, bíi ti ibi gbogbo ní Àkókó, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un, èyí tó bá wù ú, ẹni náà á sì máa jẹ́ ẹ títí ayé. Mọ́júbọ́lá ti sọ gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ tán. Zacchaeus nìkan ni kò tíì sọ. Kò tíì rí ohun tí yóò sọ ọ́.

“Afínjú-orí-ààtàn, dúró!”

Ohùn náà kọlu àpáta, ó sì padà wá. Zacchaeus dúró bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lókè.

Ẹ̀rín bú láàárín èrò. Ìyá ìyàwó rẹ̀ pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, ó tún un pè, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwọn ọmọdé ti gbà á, wọ́n ti ń gbé e sáré lọ sí ìsàlẹ̀ òkè.

“Orúkọ ni mo ní kí wọ́n pè,” ni Ọdẹ́yẹmí wí. “Ta ni wọ́n ń pè yẹn?”

“Ìyàwó ni mí, sà,” ni Mọ́júbọ́lá dáhùn. “Orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn.” Láti ìgbà wo, kò sọ.

Wolé-wolé yíjú sí Zacchaeus. “Ṣé orúkọ yín ni?”

Zacchaeus wo àna rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nu omijé ẹ̀rín. Ó wo bárò. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láìkan òkúta.

“Orúkọ mi ni, sà.”

“Kò kí yín?”

“Kò kí mi rárá, sà.”

“Ó dára. Iṣẹ́ di tiyín, Ọ̀gbẹ́ni Afínjú.”

Lórí àpáta, Abíọ́nà dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù. Ó pe orúkọ náà lábẹ́lẹ̀, ó wo eékún rẹ̀. Wọn kò tẹ̀. Ó tún un pè, ó jẹ́ kí ó lọ sókè díẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ lè gbọ́.